Káàdì Ike Ọnọ́rébù

Fọlájìmí fi àtàǹpàkò nu ojú káàdì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi báírò kọ sí i sì parẹ́. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo òpópónà Ṣómólú láti inú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Èyí gan-an ni Ọnọ́rébù ń wá,” ló wí. “Yaqub, má fọwọ́ kàn án mọ́.”

Yaqub, atẹ̀wé tó ṣe àpẹẹrẹ káàdì náà, rò pé ọ̀rọ̀ òun kò yé e ni. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ike tí a ń rí òdìkejì rẹ̀ kì í mu yíǹkì bíi ti ìwé, pé bí ooru ọwọ́ bá ti kan ohun tí a fi báírò kọ sí i, ó parẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí òun fi ya igun kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn káàdì, tí òun fẹ́ fi yíǹkì funfun tí kì í dán bò ó, kí Ọnọ́rébù lè rí ibi kọ ọ̀rọ̀ sí. Kò sí ẹni tó ń gbé Bàrígà tàbí Ṣómólú tí kò mọ̀ pé ẹ̀yìn káàdì ẹni ńlá ṣe pàtàkì ju iwájú rẹ̀ lọ. Iwájú ni orúkọ wà, ẹ̀yìn ni àánú wà. Bí olóṣèlú bá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹni tó mú un wá, tó sì bu ọwọ́ lù ú, ọmọ á rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀, aláìsàn á rí ibùsùn, ẹni tí ọlọ́pàá kó á padà sílé.

“Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló ń pa wá,” ni Fọlájìmí dáhùn.

Fọlájìmí ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọnọ́rébù Ikúmápàyí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé, tó ń fi bùbá olówó ńlá wọ ṣòkòtò jíǹsì. Ó fìdí lélẹ̀, ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé ìjọba fún alágbádá, ẹnu ọ̀nà Ọnọ́rébù ní àdúgbò Pedro kò gba ẹsẹ̀ mọ́. Opó ń bọ̀, arúgbó ń bọ̀, ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ ń bọ̀, káàdì ni gbogbo wọn sì ń tọrọ. Èèyàn kò lè lé olùdìbò padà nígbà tí ìdìbò mìíràn ti ń kanlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ bí Ọnọ́rébù bá ń kọ̀wé fún gbogbo wọn, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń kọ̀wé sí á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oore tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú káàdì yìí, wọ́n á rí i tó ń kọ ọ́, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á gba ọ̀nà tiwọn lọ. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ti oòrùn ni.

“Àwọn tó jẹ́ èèyàn yín ńkọ́?” ni Yaqub béèrè.

Fọlájìmí fọwọ́ kan fóònù alágbèéká tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Fóònù ṣì jẹ́ ohun àṣà tuntun nígbà náà, ẹni tó bá ní i kì í fi pamọ́. “Tiwa, à ń pè fún un ni.”

Kí Yaqub tó lanu, Fọlájìmí ti mẹ́nu ba kàlẹ́ńdà tí Ọnọ́rébù fẹ́ pín kiri, àti ìwé ìpolongo ìbò tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri láti Bàrígà dé Fádèyí. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Yaqub kò tíì jẹ dòdò o, òórùn rẹ̀ lásán ló gbọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti wúwo. Ó tẹ bọ́tìnnì kan lórí kọ̀ǹpútà, igun funfun náà sì kúrò lẹ́yìn káàdì.

Fọlájìmí wá ń fi ìka tọ etí káàdì náà. Ó ní ó gún òun lọ́wọ́. Yaqub, tó ti ń wá bí yóò ṣe tẹ́ oníbàárà ńlá lọ́rùn, ní kí ó má dààmú, abẹ lásán lòun fi gé ti àyẹ̀wò. Ó ní ẹ̀rọ agéwèé kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àdúgbò náà tó lè gé irú ike bẹ́ẹ̀ láìsán létí. Ẹ̀rọ olóògbé Rájí ni, opó rẹ̀ ló ń lò ó nísàlẹ̀ àdúgbò níbẹ̀ yẹn, lórí pákó tí wọ́n fi bo gọ́tà. Ó yin ẹ̀rọ náà títí. Ó ní owó kò lè ra irú rẹ̀ mọ́ lóde òní.

“Opó,” ni Fọlájìmí tún wí. “Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?”

“Kò sẹ́nì kankan,” ni Yaqub dáhùn, ó sì rò pé òun ń yìn ín ni.

Àmínátù ni orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n Ìyá Zeenat ni gbogbo ẹni tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ń pè é. Ilé rẹ̀ ní Bàrígà ni Yaqub kọ́kọ́ sùn nígbà tó dé láti Ìjẹ̀bú tòun ti báàgì kan. Rájí ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, obìnrin náà ló ń bu oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Zeenat ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Rájí kú, àwọn ẹbí ọkọ wá, wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó aṣọ òkú. Ẹ̀rọ agéwèé nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí pé ó wúwo jù wọ́n lọ. Báyìí ni ohun tó wúwo ṣe di ogún opó.

Obìnrin náà kò jókòó sunkún lé e lórí. Ó kọ́ bí wọ́n ti ń lò ó. Àwọn ọkùnrin tó ń tẹ̀wé fi í rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi sú wọn, nígbà tí wọ́n sì rí i bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gún régé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé wá. Rájí ti fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé ọwọ́ ẹ̀rọ náà nígbà ayé rẹ̀ kí ó má baà máa yọ̀, obìnrin náà kò sì tú u. Bí abẹ rẹ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ní ohùn tín-ín-rín kan tó máa ń ké, èèyàn á ti mọ̀ láti òkèèrè pé Ìyá Zeenat ti débi iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ìdí rẹ̀ ni owó ilé ẹ̀kọ́ Zeenat ti ń jáde.

Ká sọ tòótọ́, Yaqub ṣe káàdì náà tọkàntọkàn. Iṣẹ́ ike kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú. Àwọ̀ ewé tí Ọnọ́rébù fẹ́ kò ní hàn bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lásán, nítorí náà Yaqub kọ́kọ́ tẹ́ yíǹkì funfun sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó tẹ àwọ̀ ewé lé e lórí. Gbogbo ibi tó kù, ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí wọ́n bá gbé káàdì náà lé aṣọ dúdú, orúkọ Ikúmápàyí á yọ ketekete. Bí wọ́n bá sì gbé e sókè, wọ́n á máa rí ojú ẹni tó wà lódìkejì. Gbogbo ẹni tó rí i ló fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é. Inú Yaqub dùn, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì, tàbí kó jẹ́ pé ó fi tipátipá gbàgbé rẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọkọ̀ akẹ́rù ìjọba ìbílẹ̀ wọ àdúgbò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn wá kó ohun gbogbo tó bá wà lórí gọ́tà. Àga onígbàjámọ̀ wà lórí gọ́tà kan náà, tábìlì obìnrin tó ń ta káàdì fóònù wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ẹ̀rọ Ìyá Zeenat ni wọ́n dì mú, wọ́n sì gbé e sọ sínú ọkọ̀. Wọ́n ní bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ àwọn yóò lù ú ní gbàǹjo.

Yaqub lọ kí i. Ó bá a níbi tó jókòó sí lórí pákó tó ṣófo, tó ń wo ojú epo tí ẹ̀rọ náà kán sílẹ̀. Obìnrin náà ló tún ń tù ú nínú. Ó ní òun kò ní kú sórí ọ̀rọ̀ náà, òun dìbò fún Ikúmápàyí, oòrùn pa òun lórí ìlà lọ́jọ́ náà, òun yóò lọ tọrọ káàdì. Yaqub wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run ṣe é ní rere.

Ọ̀sán ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Zeenat yọ sí ṣọ́ọ̀bù Yaqub, ìbòrí rẹ̀ ti rọ̀ sẹ́yìn, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Fọlájìmí wà níbẹ̀, ó wá wo àpẹẹrẹ kàlẹ́ńdà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó ní ilé ọ̀gá rẹ̀ lòun ti ń bọ̀ báyìí. Ó sì ṣí ọwọ́. Káàdì náà wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi báírò aláwọ̀ búlúù kọ̀wé sí kọjú sókè, ọwọ́ kò tíì kàn án.

“Yaqub, ọmọ mi, kà á fún mi kí n gbọ́ bó ṣe wí.”

Yaqub gbà á. Ó fi etí ìka dì í mú. “‘Adéjìmí, dá ẹ̀rọ ìyá yìí padà fún un lónìí. Mi ò fẹ́ àwáwí.’ Wọ́n sì buwọ́ lù ú.”

“Tún un kà.”

Ó tún un kà. Obìnrin náà ń mi orí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Ó ṣàdúrà fún Ikúmápàyí, ó ṣàdúrà fún ìyá tó bí i. Ó ní ohun tó tún dùn mọ́ òun jù ni pé ọmọ tí òun fún lóúnjẹ ló ṣe káàdì tí yóò dá ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ padà. Fọlájìmí ní kí Màmá má yọ ara wọn lẹ́nu, iṣẹ́ àwọn ni.

Sẹ́lótéèpù wà lórí tábìlì. Kò ju kí Yaqub gé díẹ̀, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọ̀rọ̀ náà, òógùn kankan kò ní rí i ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Fọlájìmí kàn na ọwọ́, ó fa sẹ́lótéèpù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí i kiri lórí tábìlì.

“Kàlẹ́ńdà yìí, Yaqub, ṣé ìwọ lo máa ṣe é ni, àbí ká gbé e lọ sí Fádèyí?”

Yaqub wo sẹ́lótéèpù, ó wo Fọlájìmí, ó sì dá káàdì náà padà sọ́wọ́ obìnrin náà.

“Èmi ni màá ṣe é,” ló sọ. Ó wá yíjú sí Ìyá Zeenat. “Ẹ tètè máa lọ, Màmá.”

Obìnrin náà rò pé nítorí kí ọ́fíìsì má baà ti pa ni. Ó ní òun kò ní fi í sínú báàgì, àwọn jáwójáwó pọ̀ lọ́nà, òun kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó di ìkúùkù mọ́ ọn pinpin, ó sì fẹsẹ̀ rìn ín nínú oòrùn náà.

Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ tí wọ́n fi mú un padà dé. Lazarus, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ló dì í lápá. Àwọn èèyàn tẹ̀ lé wọn láti ìta, àwọn kan ń pòṣé, àwọn kan ń pe obìnrin náà ní gbájú-ẹ̀. Ìbòrí rẹ̀ kò sí lórí rẹ̀ mọ́, ìkúnlẹ̀ sì ti fi iyanrìn sí aṣọ rẹ̀ lórúnkún.

Lazarus ju káàdì náà sórí tábìlì. “Oga Yaqub, na you print am?”

Yaqub ní òun ni.

Lazarus wá rojọ́. Ó ní obìnrin yìí já wọ ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Adéjìmí, ọ̀gá àwọn ní ìjọba ìbílẹ̀, ó ní Ọnọ́rébù kọ̀wé rán òun. Ọ̀gbẹ́ni Adéjìmí yí káàdì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Ó ní ó ti di àṣà báyìí kí àwọn aláìlójútì máa ṣa káàdì ẹni ńlá nílẹ̀ kí wọ́n fi máa lu ìjọba ní jìbìtì. Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó kúnlẹ̀, síbẹ̀ kò yí ohùn padà, ó ní ọmọ òun tó ṣe káàdì náà fi ojú ara rẹ̀ kà á, lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá wá ní kí àwọn mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni náà, kí àwọn tó mọ̀ bóyá àtìmọ́lé ló kàn.

Fọlájìmí ṣì jókòó síbi tí ó wà. Ó gbé kàlẹ́ńdà bojú bíi pé ó ń kà á.

“Sọ fún wọn, Yaqub,” ni Ìyá Zeenat wí. “O kà á fún mi.”

Yaqub mú káàdì náà, ó gbé e sókè. Ó mọ́ gaara. Ó rí ojú obìnrin náà nínú rẹ̀, ó rí orúkọ Ikúmápàyí tó dábùú imú rẹ̀. Ó gbé káàdì náà kalẹ̀.

“Kò sí nǹkan lára rẹ̀,” ló sọ.

Òótọ́ ni, kò sí nǹkan lára rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níta ló gbọ́ ọ. Ìyá Zeenat wá rọra ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó sì nà án sí wọn. Yíǹkì búlúù bò ó láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́.

“Òun nìyí,” ló wí. “Ẹ wò ó. Ọwọ́ mi ló jẹ ẹ́.”

Lazarus ní ọ̀gá àwọn kì í ka àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rín bú jáde níta. Fọlájìmí wá dìde bí onílàjà, ó ní kí wọ́n dárí ji ìyá náà, àìmọ̀kan ni, Ọnọ́rébù kì í fẹ́ ìyà fún aláìní. Lazarus tú u sílẹ̀. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Fọlájìmí láti ìta.

Nígbà tí ìyà bá pọ̀ lórí ẹni rere, ara rẹ̀ ló máa ń dá lẹ́bi. Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, obìnrin náà súnmọ́ tábìlì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Má bínú, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ dára. Òógùn ọwọ́ mi ló pọ̀ jù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà ọ́ lórúkọ jẹ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ.”

Ìbá sàn fún Yaqub ká ní obìnrin náà gbá a létí. Ó ní kò sí nǹkan, Màmá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n lu ẹ̀rọ náà ní gbàǹjo. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá ná an.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn alágbàárù fi ọmọlanke tì í dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Yaqub, Fọlájìmí ń tẹ̀ lé wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní káàdì Ọnọ́rébù ti tán nílẹ̀, àwọn aráàlú ń jà dù ú, kí wọ́n tẹ òmíràn kíákíá. Ó ní ọ̀dọ̀ Yaqub ni ẹ̀rọ náà yóò máa wà. “Ìwọ náà lo ní owó kò lè ra irú rẹ̀ mọ́,” ló fi kún un. Yaqub rí rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ lára ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ó rántí ẹnu ara rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, bó ṣe yin ẹ̀rọ tó sì ní opó náà kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn. Ìtìjú bò ó débi pé kò lè gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n òun náà ló júwe ibi tí wọn yóò gbé e sí. Inú ṣọ́ọ̀bù kò gbà á, wọ́n gbé e ka orí gọ́tà. Ẹnikẹ́ni kò sì wá láti ìjọba ìbílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé káàdì náà, ohùn tín-ín-rín yẹn ń ké dé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ìyá Zeenat ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bi wọ́n bóyá ìwé wà láti tò. Zeenat ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan ní Igbóbì. Obìnrin náà dúró nígbà tó gbọ́ ohùn náà. Ó wá rọra rìn tọ̀ ọ́ wá, ó gbé ọwọ́ lé ibi tí Rájí fi rọ́bà wé. Yaqub wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ibi tó lè sá sí.

“Wọn ò fi epo sí i,” ni obìnrin náà wí.

Kò béèrè bó ṣe débẹ̀. Ó ní bóyá iṣẹ́ kankan wà. Yaqub ní iṣẹ́ wà. Àmì ìka ti bo gbogbo káàdì tí wọ́n gé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí Fọlájìmí tó dé. Ó gbé àga fún un, ó gbé páálí káàdì síwájú rẹ̀, ó fún un ní aṣọ ìnuǹkan tó rọ̀.

Ìyá Zeenat ní aṣọ kan kò tó òun. Ó ní kí ó wá àkísà méjì sí i. Ó fi ọ̀kan wé ọwọ́ òsì, ó fi eyín di ìdí rẹ̀. Ó fi èkejì wé ọwọ́ ọ̀tún, ó ní kí Yaqub bá òun so ó. Yaqub so ó.

“Ó tún le díẹ̀ sí i,” ló wí. “Ọwọ́ mi yìí, o mọ̀ ọ́n.”

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó nu àkọ́kọ́ síwá sẹ́yìn, ó mí sí i, ó tún un nù, ó sì gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Ó wo Yaqub láti inú rẹ̀.

“Wò ó, ọmọ mi. Ṣé ó ti mọ́?”

“Ó ti mọ́, Màmá.”

Ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì mú òmíràn.